Ìwà kékeré wo lẹ ti yí padà lójú títì Ìbàdàn? Ẹ jẹ́ ká kó o jọ síbí

Ọmọ Agbowó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sángo láàárọ̀ àná, àyà mi ò sì tíì rọlẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Micra ni mo wọ̀ láti Agbowó, ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà gan-an ni mo jókòó sí. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, ṣẹ́ńjì mi tó kù lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ni mo ń rò, ni mo bá ṣí ìlẹ̀kùn ọwọ́ òsì gbàgà. Àṣé ọlọ́kadà kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó ṣe yẹ̀ ẹ́, n ò mọ̀. Ààyè tó wà láàárín ọ̀kadà rẹ̀ àti ìlẹ̀kùn yẹn ò ju ìka méjì lọ. Obìnrin tó gbé sẹ́yìn pọn ọmọ. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ bú mi. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó ń lọ. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé èrò tó jókòó jẹ́jẹ́ lè pa èèyàn. Onímọ́tò la máa ń nàka sí. Láti àná, ohun méjì ni mo ti mú ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ẹ̀bá títì wà, ni n ó máa gbà sọ̀ kalẹ̀, kódà kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ kọ́kọ́ bọ́lẹ̀ fún mi kó sì máa kùn. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, ọwọ́ tó jìnnà sí ìlẹ̀kùn ni n ó fi ṣí i. Ẹ dán an wò nílé: tí ìlẹ̀kùn bá wà lósì yín, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí i. Ara yín á yí fúnra ẹ̀, ojú yín á ti rí ẹ̀yìn kí ìlẹ̀kùn tó ṣí.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwà kékeré wo ni ẹ̀yin náà ti yí padà? Ẹ má kọ nípa kòtò àti ìjọba síbí o, a ti sọ ìyẹn tó níbòmíì. Ohun tọ́wọ́ ẹni ká nìkan.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà

Ọmọ mi, kú ewu. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Tèmi rèé. Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí, ẹ máa ń bá dẹ́rẹ́bà tó ń sáré jà. Ẹ ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ó ti di ìjà nìyẹn. Ọkùnrin ò sì ní í gbà kí èrò ẹ̀yìn sọ òun dojo lójú àwọn tó kù, ṣe ló máa tún tẹ iná mọ́ ọn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń lọ kó ẹ̀lùbọ́ lọ́nà Ọ̀yọ́, mo ti wá mọ ọ̀rọ̀ tó ń dín eré kù. Ọ̀rá ni mo máa ń fà yọ nínú báàgì. N ó gbé e sẹ́nu, n ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ó jọ pé mo fẹ́ bì o." Kíá! Kò sí dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ kí wọ́n bì sórí síìtì òun. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ bi mí pé "Màmá, ṣé kí n dúró ni?" N ó ní rárá, ẹ ṣáà rọra. Wọ́n á rọra dé ilé.

Tó bá sì ti rọra, ẹ gbàdúrà fún un, kó gbọ́. "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ fún àwọn ọmọ ẹ." Ẹni tí wọ́n ṣàdúrà ọmọ fún kì í tètè tún sáré.

Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì

Màmá ti pa mí lẹ́rìn-ín 😂 Ọ̀rá ti wọ báàgì mi láti òní lọ.

Oní-Micra Ìwó Road

Ẹ kú ọ̀rọ̀ wa o. Èmi ni ọ̀kan lára àwọn tí ẹ ń bú. Ọdún kọkànlá rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kí n sọ méjì, mélòó kan á kù.

Ẹ̀yin èrò lẹ ń kọ́ wa níwàkiwà. Ẹ kì í dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù, ibi tó bá wù yín lẹ ti ń nawọ́. Tí mo bá kọjá yín lọ sí ibi tó yẹ, ẹni tó wà lẹ́yìn mi á kó yín, owó epo mi lọ nìyẹn. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà ńkọ́? Ẹnu géètì ilé ẹ̀ gan-an ló ti máa lọgun "Ó wà o!" Kí ni kí n ṣe? N ó tẹ bíréèkì lójijì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wọ̀ mí nídìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ "ó wà" nígbà tó bá ku òpó iná méjì. Ẹ ó rí i pé n ó tan iná ẹ̀gbẹ́, n ó wo dígí, n ó rọra bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti frí, kéèyàn yọ ọkọ̀ kúrò ní jíà, ìyẹn sì ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó bá ń ka ibí yìí gbọ́. Láti 2023 tí epo ti gbówó lórí, bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ti gun òkè tán báyìí, frí ni, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra ẹ̀. Èmi náà ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan tí mò ń sọ̀ láti Òkè Màpó, mo kọ́kọ́ gbóòórùn nǹkan bíi rọ́bà tó ń jó. Mo rò pé ọkọ̀ ẹlòmíì ni. Nígbà tí mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ ràì, bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Èrò mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀, obìnrin kan sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé itan. Mo fi jíà padà sí ìkejì, ẹ́ńjìnnì ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa, mo ń fa háńdúbíréèkì díẹ̀díẹ̀, mo sì fi táyà ha ẹ̀gbẹ́ gọ́tà títí tó fi dúró. Ọbẹ̀ dànù. Ẹnì kankan ò fara pa. Mo san owó ọbẹ̀.

Mẹkáníìkì mi ló wá là mí lóye. Ó ní tí ọkọ̀ bá wà ní jíà, ẹ́ńjìnnì ń bá ọ dì í mú. Tó bá wà ní frí, bíréèkì nìkan ló ru gbogbo ẹrù. Á gbóná, omi bíréèkì á hó, ooru omi tó hó yẹn lò ń tẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń wọlẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti epo. Ó ní ọkọ̀ oní-injector bíi tiwa yìí, tó bá wà ní jíà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kò ní í fa epo rárá. Inú frí gan-an ló ti ń mu epo, kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi ẹ̀mí wéwu torí epo, kò sí epo kankan tí mo fi pamọ́.

Ọmọ Agbowó

Ọ̀gá, ẹ ṣé gan-an. Jíà wo wá ni kéèyàn fi máa sọ̀?

Oní-Micra Ìwó Road

Jíà tó o máa fi gun ibẹ̀ ni kó o fi sọ̀ ibẹ̀. Kó o sì ti wọ̀ ọ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ̀ Pẹ̀sẹ̀

Gbogbo ẹ náà àyànmọ́ ni jàre. Ẹni tó máa kú á kú, kódà kó jókòó sílé.

Oní-Micra Ìwó Road

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn yín lálẹ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má bi mí pé níbo. Ẹ jẹ́ kí n mú akoto, torí òun ló ń ba ọkàn mi jẹ́ jù. Bí àwọn ọlọ́kadà wa ṣe ń lò ó rèé: ó wà lórí táǹkì, ó há sápá bí apẹ̀rẹ̀, èyí tó sì wà lórí, okùn ẹ̀ ń fì bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Akoto tí wọn ò so okùn ẹ̀, lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, orí á gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ so okùn. Ìka méjì ló yẹ kó lè wọ abẹ́ okùn náà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní akoto ọlọ́kadà ń rùn, òtítọ́ ni, ẹ fi síkáàfù wé orí kí ẹ tó dé e. Òórùn ò ní kí wọ́n fá orí ẹni kí wọ́n tó rán an. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n fá.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ká etí ìró yín sábẹ́ itan kí ọ̀kadà tó gbéra. Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, sípóòkù tàbí ṣéènì á fà á wọlé, ẹni tó ró o á sì tẹ̀lé e. Tí ẹ bá pọn ọmọ, ẹ fi kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ ju ti ọ̀kadà.

Àti èèyàn méjì níwájú Micra! Bẹ́líìtì kan ni Ọlọ́run àti ẹni tó ṣe ọkọ̀ fi síbẹ̀. Méjì ò lè dè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bẹ́líìtì lè gé ewu ikú ẹni tó jókòó níwájú sí ìdajì, ẹ̀yin wá lọ fi ìdajì yẹn ra ibi tí ẹ ó fi ìdí kan jókòó sí. Èmi máa ń san owó èèyàn méjì. Lọ́jọ́ tí n ò bá ní i, ẹ̀yìn ni mo ń jókòó.

Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ máa bínú, ọ̀rọ̀ yín dáa ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ibi tí èmi dúró. Ọmọ méjì ni, ilé ìwé wọn jìnnà, ọlọ́kadà kan náà ló ń gbé wọn, èmi ni mo ṣìkẹta. Tí n bá ní kí n máa gba kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, kí la máa jẹ?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìyá Ìbejì, n ò bá yín wí o. Ohun tí aládùúgbò mi kan ṣe ni pé ó kó ìyá mẹ́ta jọ, wọ́n jọ ń san owó kẹ̀kẹ́ kan lóṣooṣù fún bàbá kan tí wọ́n mọ̀, òun ló ń kó gbogbo ọmọ lọ tó sì ń kó wọn bọ̀. Tí wọ́n bá pín in, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju owó ọ̀kadà lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ládùúgbò yín.

Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀

Ìyẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Màá bi Ìyá Ṣọ́ọ̀bù lọ́la.

Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì

Tèmi ni ti sísọdá títì. Ọ̀rẹ́ mi kan ni wọ́n gbá ní ọdún tó kọjá (ó ti ń rìn báyìí, ọpẹ́ ni). Ìrònú wa ni pé tí ọkọ̀ bá ti dúró fún wa, ọ̀nà ti là. Rárá. Ojú títì onílà méjì ni. Danfó dúró fún un, ó ń juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ọkọ̀ kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ danfó ò rí i, danfó ti dí i lójú. Ìdúró tí danfó dúró ni òun rí, ó sì rò pé èrò ló ń já, ló bá yà á sílẹ̀. Ní báyìí, tí ọkọ̀ kan bá dúró fún mi, mo ń dúpẹ́, mo ń rìn dé etí ẹ̀, màá wá dúró síbẹ̀, màá yọrí wo ìlà kejì bí ẹni tó ń yọjú wo inú ilé olóhun. Dẹ́rẹ́bà máa ń sọ pé "kí lò ń wò?" Kó máa sọ.

Mo tún ti jáwọ́ nínú fífi nǹkan sétí tí mo bá ń rìn. Ìyẹn ò le, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi yọ mí lẹ́nu.

Alápótèkà

Kúkúrú: Piriton àti oògùn ọ̀fìnkìn míì tó jọ ọ́ ń fa oorun. Ẹ má gbé e mì kí ẹ tún wa ọkọ̀. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín. Ti paraga àti ọ̀pá ẹ̀yìn ní gáréèjì ńkọ́, "oògùn ìdí" tí wọ́n ń pè é yẹn, ọtí ni.

Bàbá Òkè-Àdó

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Ẹ ṣeun. Èmi ti dàgbà tó láti mọ ìgbà tó jẹ́ apá òsì títì la ti ń wakọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo rántí bí ìlú ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn ní Dùgbẹ̀: gbogbo èèyàn ń rìn bí ẹni tó wọ ilé àna. Ẹni tó ti ń wakọ̀ fún ogún ọdún ń fẹ̀sọ̀ rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, torí pé kò sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó mọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ara wa ń bà wá. Ó tó oṣù díẹ̀ kí ojú tó là padà, kí eré àsápajúdé sì tó padà.

Ìyẹn ló fún mi ní ìwà kan tí n ò fi sílẹ̀ mọ́: ọ̀nà méjèèjì ni mo ń wò kí n tó fi ẹsẹ̀ tàbí táyà sójú títì, ì báà jẹ́ wọ́n-wé. Ní wọ́n-wé gan-an ni mo ti ń wò jù. Ẹ mọ oríkì ìlú yín, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Ẹni tó ń bọ̀ lódì ní Ìbàdàn, òun lá tan iná gbòò sí ọ lójú, òun lá tẹ fèrè, òun lá tún bi ọ́ pé ṣé ojú ń fọ́ ọ ni. O lè jàre ẹ̀, kó o sì jàre ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi máa ń yà fún un ni.

Bí ẹ bá sì máa sọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àwọn Road Safety, ẹ má gbàgbé pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọdún 1988 ni ti ìjọba àpapọ̀ tó dé, òun náà sì ni alága àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí, Ìbàdàn ló ti kọ́kọ́ dùn wá tó ká ṣe nǹkan sí i.

Oní-Tírélà

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀. Ẹ̀gbẹ́ Toll Gate ni mo wà báyìí, mò ń sinmi kí n tó kọjá sí Ṣàgámù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ewé. Tí ọkọ̀ bá kú sójú títì wa, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó ya ẹ̀ka igi, ẹ ó tò ó sẹ́yìn ọkọ̀. Lọ́sàn-án, ó dáa, mo rí i. Ewé kì í tàn lálẹ́. Láti orí tírélà, pẹ̀lú iná mi méjèèjì, mo ti dórí ewé kí n tó mọ̀ pé ewé ni, ọkọ̀ tó kú náà sì ti wà níwájú mi gbagidi. Ẹ ra C-caution, àmì onígun mẹ́ta tó ń dán tí iná bá tàn sí i, méjì. Ẹ má gbé e sẹ́yìn bọ́ńpà bí ẹni tó fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ ka ìṣísẹ̀ 50 sẹ́yìn kí ẹ tó gbé e kalẹ̀ nínú ìlú. Lórí márosẹ̀, èmi ń ka 100. Tí ẹ bá ń rìn lọ gbé e kalẹ̀, inú koríko ni kí ẹ gbà, kí ẹ di C-caution náà mú síwájú àyà kí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè mú un. Ẹ má jókòó sínú ọkọ̀ tó kú, ẹ má sì dúró sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ kó èrò kọjá gọ́tà.

Tí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe tán, ẹ jọ̀ọ́, Ọlọ́run àwọn baba yín, ẹ kó òkúta tí ẹ fi dí táyà kúrò. Mo mọ ọlọ́kadà kan tí òkúta yẹn pa ní ìdájí, ọkọ̀ tó ni òkúta ti wà ní Èkó.

Ẹ tún máa ń rọ̀ mọ́ mi nídìí. Tí ẹ kò bá rí dígí mi, ó túmọ̀ sí pé èmi náà ò rí yín. Àlàfo tó yẹ kó wà rèé, n ò mọ nọ́ńbà, àdúrà ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: ẹ mú nǹkan kan lẹ́bàá ọ̀nà, òpó tàbí igi. Tí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá ẹ̀, ẹ sọ pé "Olúwa má jẹ̀ẹ́ n pàdé agbako lónìí." Ẹ má kánjú sọ ọ́. Tí imú ọkọ̀ yín bá dé òpó kí ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló burú jù, torí epo àti eruku tó ti wà lórí ọ̀dà á dà bí ilá. Tó bá ti rọ̀ fún wákàtí kan, ó ti ṣan díẹ̀ kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì

Mo fi aago wọn àdúrà yẹn. Bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀. Ọ̀gá, àṣé olùkọ́ fisíìsì ni yín!

Mo ṣírò ọ̀kan sí i nígbà tí mo ti mú aago lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí, tó jẹ́ pé ìyẹn lòfin gbà láàárín ìlú, mítà 14 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ lè rí ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́, mítà 42 lẹ ti rìn láì lajú. Micra kan ò pé mítà mẹ́rin. Ó lé ní Micra mẹ́wàá tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn.

Oní-Tírélà

Píjìn-họ́ọ̀lù ni tèmi ń gbé. Mo ti sọ fún ìyàwó mi: tí n ò bá gbé e, mo wà láàyè, mò ń wakọ̀ ni.

Alhaja Ọjà-Ọba

Jálàbíà funfun! Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kírun Súbúhì ní ìdájí, ẹ yéé wọ dúdú. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọkọ mi rí, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀. Mo gba jákẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi fún ọmọ ìyá mi tó wà lókè òkun.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo ti dé padà, ẹ jẹ́ kí n ṣàfikún ohun tó kù sí mi lọ́kàn. Tí ìjàm̀bá bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀ ni dókítà àkọ́kọ́. Ẹ má fa ẹni tó há bí ẹni fa àpò gàrí, àfi tí iná bá fẹ́ ràn. Ọrùn ẹ̀ lè ti yẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, ẹ má sì máa ṣí i wò. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má fún un mu. Ẹ pe 122, ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni, tàbí 112. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ilé ìwòsàn á lé yín padà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì. Ẹ sọ ọ́ sétí ẹni tó bá ń ṣe agídí lẹ́nu géètì, kí ẹ sì dárúkọ ọdún òfin náà, ó máa ń ṣiṣẹ́.

Fókánáísà Apáta

Wọ́n fẹ́ẹ́ parí láì dárúkọ táyà 😀

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Ẹ ó rí lẹ́tà DOT. Ẹ tẹ̀lé e lọ títí dé nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá rí 3519, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ọdún mẹ́rin ni, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ rà á, láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ó rí i pé ojú ẹ̀ ṣì dáa, ìlà ẹ̀ ṣì jinlẹ̀, oníbàárà á ní "èyí ṣì lágbára." Rọ́bà ti gbẹ nínú. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ tí òtútù ọyẹ́ là.

Ti afẹ́fẹ́: ẹ má sọ fún fókánáísà pé "fún un kó le." Bébà kan wà létí ìlẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, iye tó yẹ wà níbẹ̀. Òwúrọ̀, kí táyà tó gbóná, ni kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Èyí tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ kéré ló ń bẹ́ jù lórí márosẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń ká, ó ń gbóná. Tó bá bẹ́, ẹ má tẹ bíréèkì. Ẹ di títẹ́ẹ̀rì mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kó máa ku eré fúnra ẹ̀.

Ọmọ Agbowó

Ẹ̀gbọ́n Fókánáísà, mo ti fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò báyìí. Iwájú méjèèjì, 2220. Ẹ̀yìn ọ̀tún, 4617. Ẹ̀yìn òsì, mo rí DOT, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan ha á.

Fókánáísà Apáta

Gbogbo ẹ̀ ló ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òsì yẹn ni kó bà ọ́ lẹ́rù. Kò sẹ́ni tó ń ha ọjọ́ orí táyà tuntun kúrò. Ìgbà wo ni wọ́n tún fẹ́ gbé e jáde?

Ọmọ Agbowó

Wọ́n ní aago márùn-ún ìdájí ọ̀la, Èkó.

Fókánáísà Apáta

Bá wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ fókánáísà tó bá wà nítòsí, èyíkéyìí.

Ọmọ Agbowó

Mo ti sọ. Wọ́n ní ṣé àwọn ò mọ táyà ni àbí kí ni.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?

Ọmọ Agbowó

Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, Màmá. Wọ́n ṣì ń wá a kiri pálọ̀.